Ògúndé: Òkìkí Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ yọ léraléra nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ di òṣèré fíìmù ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti bá ọ̀gá rewáyà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kò lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ tó ti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò, kò kàwé mọ́. Fóònù ló gbé dání láàárọ̀, fóònù ló gbé dání lálẹ́, ó ń ya ara rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń ṣe eré. Bàbá á ní òun kò gbọ́, ìyá á ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé orí ọmọ òun ló ń pè é síbẹ̀. Ẹjọ́ náà á wá dé iwájú àwa àgbà.

Èmi kò ní í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lónìí. Iṣẹ́ òṣèré ti kúrò ní iṣẹ́ tí a fi ń pe èèyàn ní alágbe. Àwọn kan ti fi kọ́lé, wọ́n ti fi tọ́ ọmọ yanjú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé òkè ilé nìkan ni àwọn ọmọ wa ń wò, wọn kò wo ìpìlẹ̀. Wọ́n rí aṣọ, wọ́n rí mọ́tò, wọ́n rí bí ìlú ṣe ń pariwo orúkọ. Wọn kò rí ohun tí ẹni náà san kí ó tó débẹ̀, àti ohun tó ṣì ń san lẹ́yìn tó débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ ìtàn ọkùnrin kan wò, ẹni tó la ọ̀nà tí gbogbo wọn ń tọ̀ lónìí: Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orúkọ lásán lẹ mọ̀. Ìtàn rẹ̀ sì kan àwa tí a wà lókè Ọya ju bí a ti rò lọ. Ìhà ibí ni wọ́n ti bu owó ìtanràn ńlá lé e nítorí eré, ìhà ibí náà ni wọ́n ti ya fíìmù tó ṣe kẹ́yìn láyé.

ỌMỌ Ọ̀SỌ̀SÀ

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Ògúndé ní Ọ̀sọ̀sà, ìlú kékeré kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníwàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n nínú ẹbí kan náà ni a ti rí àwọn onífá. Nítorí náà, apá méjì ni ọmọ náà ti jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, orin ìyìn ló ń gbọ́. Bí ọdún eégún bá dé, òun náà wà láàárín àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé onílù àti oníjó kiri ìlú. Ó tilẹ̀ bá àwọn alárìnjó jó nígbà èwe rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò fi ọ̀kan sílẹ̀ mú ọ̀kan. Ohun tó kọ́ nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ohun tó kọ́ nídìí eégún, ó pa wọ́n pọ̀ ni, òun ló fi jẹun títí ó fi kú.

Tíṣà ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ó ń kọ́ ọmọ léwèé, ó ń kọ́ akọrin lórin. Lọ́dún 1941, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e lọ sí Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó lẹ́yìn náà. Ẹ rántí pé ayé Òyìnbó ni. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn, ojú kò ní í pọ́n ọn. Owó oṣù ń bọ̀, aṣọ iṣẹ́ wà, owó ìfẹ̀yìntì ń dúró níwájú. Àwọn ìyá á fi ọwọ́ méjèèjì fún ọlọ́pàá lọ́mọ.

Èkó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ìjọ Aládùúrà kan fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n ń wá owó, wọ́n sì bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá yìí pé kó bá àwọn ṣe eré tí èèyàn á sanwó wò. Ní ọjọ́ 12 oṣù June, 1944, wọ́n gbé eré náà jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. The Garden of Eden and the Throne of God ni orúkọ rẹ̀, ìtàn Ádámù àti Éfà nínú ọgbà Édẹ́nì. Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun nínú ìjọ, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe é. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tirẹ̀ kò kàn dúró lójú kan bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Wọ́n jó, wọ́n rìn, wọ́n sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Èrò ya bò wọ́n. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe.

Nígbà tó di 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti máa ṣe eré jẹun. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀ tó ti fi irú eré báyìí ṣe iṣẹ́ oojọ́ lọ́nà tó gbà ń ṣe é. Kò sí ilé ìfowópamọ́ tí yóò yá a lówó. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wa bá wá sọ lónìí pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ lọ máa jó, ìpàdé ẹbí ni a máa pè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní bàbá eré orí ìtàgé ní Nàìjíríà. Òun ló kọ́kọ́ fi odidi ayé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀.

ẸJỌ́ NÍ JOS, ÌDÍLỌ́WỌ́ NÍ KANO

Ká ní orin Ádámù àti Éfà ni Ògúndé ń kọ títí, bóyá kò bá má rí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílùú ló ń gbé sórí ìtàgé. Lọ́dún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà nítorí owó ọ̀yà tí kò ká oúnjẹ mọ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà lé ní oṣù kan. Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré tó pè ní Strike and Hunger. Lọ́dún 1946, ó tún gbé Tiger's Empire jáde láti fi bá ìjọba amúnisìn wí. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà mọ́kànlélógún ní Iva Valley ní Enugu, ní oṣù November, 1949, ó fi ìyẹn náà ṣe eré ní 1950, ó pè é ní Bread and Bullet.

Àwa ará òkè Ọya ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nígbà tó gbé Strike and Hunger dé Jos lọ́dún 1946, àwọn aláṣẹ dá eré dúró, wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn £125 lé e. Nígbà tí èèyàn ṣì ń fi sílè àti kọ́bọ̀ náwó, owó yẹn tó láti tú ẹgbẹ́ òṣèré ká. Nígbà tó gbé Bread and Bullet dé Kano, wọ́n fòfin dè é níbẹ̀ náà.

Ta ló ń wo eré rẹ̀ ní Jos àti Kano nígbà yẹn? Àwọn bàbá àti ìyá wa ni, àwọn oníṣòwò, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn akọ̀wé, àwọn tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ẹ̀jìgbò àti Ìjẹ̀bú wá tẹ̀dó sókè Ọya. Bí ẹgbẹ́ òṣèré bá ń bọ̀, àwọn ni wọ́n máa ń gbà wọ́n sílé, wọ́n á wá gbọ̀ngàn, wọ́n á lẹ pósítà, wọ́n á polówó rẹ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wọn. Alẹ́ ọjọ́ kan ni eré máa ń gbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tí kò dé ilé Yorùbá rí, á gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ lẹ́nu òṣèré, á rí bí wọ́n ṣe ń kí ọba, á mọ ìtumọ̀ òwe. Bẹ́ẹ̀ ni òkìkí Ògúndé ṣe rìn. Bọ́ọ̀sì àti lọ́rì ló gbé e, ọ̀nà eléruku ló tọ̀, àwa àjèjì nílùú onílùú sì wà lára àwọn tó gbé e ró.

YORÙBÁ RONÚ

Èyí tó dùn ún jù, mo rò pé ilé ni wọ́n ti ṣe é fún un. Lọ́dún 1964, ìjà òṣèlú ti fọ́ ìhà Ìwọ̀-Oòrùn sí wẹ́wẹ́. Olóyè Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Olóyè Akíntọ́lá wà lórí àlééfà. Wọ́n pe Ògúndé pé kó wá ṣe eré níbi àpèjẹ ẹgbẹ́ kan tí àwọn èèyàn Akíntọ́lá ń dá sílẹ̀. Ó wá, ó sì ṣe Yorùbá Ronú. Ìtàn ọba kan ni, ọba tí igbákejì rẹ̀ dà, tó sì tà á fún ọ̀tá. Kò dárúkọ olóṣèlú kankan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ tí kò mọ ẹni tí òkò bà.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ kíákíá. Kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ eré Yorùbá: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́, títí kan Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti bí i, gbogbo rẹ̀ di èèwọ̀. Ọjà rẹ̀ ni wọ́n tì pa. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní òṣèré tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò kó tọrọ àforíjì, ó tún kọ eré mìíràn lọ́dún kan náà, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí ìfòfindè náà fi wà lórí rẹ̀. Oṣù February, 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba tí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì sì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n tó ṣí i kúrò.

Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ wa tó rò pé òkìkí ni kí gbogbo ayé máa pàtẹ́wọ́ fún èèyàn. Ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lánàá lè ti ilẹ̀kùn lónìí. Ẹni tí ojú gbogbo ayé ń wò, ohun tó bá sọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Bó bá sọ òótọ́, àwọn alágbára á bínú. Bó bá purọ́, àwọn aráàlú á fi í ré. Ògúndé mú ọ̀kan, ó sì san owó rẹ̀ láìkùn.

ILÉ TÓ DI ẸGBẸ́ ÒṢÈRÉ

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò rọrùn fún un láti rí obìnrin tí yóò ṣeré. Òbí wo ni yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ kó máa bá ọkùnrin jó káàkiri lóru? Àwọn tó tilẹ̀ rí, lẹ́yìn tó bá ti kọ́ wọn tán, ọkọ á dé, ọkọ náà á ní ìyàwó òun kò gbọ́dọ̀ jó lójú agbo mọ́. Ó wá di pé òun fúnra rẹ̀ ń fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe aya. Ìyàwó rẹ̀ lé ní mẹ́wàá, ọmọ sì pọ̀. Àwọn ìyàwó náà ló ń jó, àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń ran aṣọ eré, àwọn ló ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń dàgbà sínú bọ́ọ̀sì àti sẹ́yìn aṣọ ìtàgé.

Ẹlòmíràn á ní ayé ńlá ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni ọkọ nílé. Ìjà orogún kò gbọ́dọ̀ dé orí ìtàgé, àṣìṣe orí ìtàgé kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn sùn. Ìyàwó tó ń ṣàìsàn mọ̀ pé bí òun kò bá jó, eré á dúró. Kò sí ibi tí ọkùnrin náà lè sá sí tí iṣẹ́ kò ní í bá a débẹ̀. Àwọn obìnrin yìí, díẹ̀ nínú wa ló mọ orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ èjìká wọn ni orúkọ Ògúndé dúró lé.

Lára wọn ni Clementina, ìyàwó tó bá a bẹ̀rẹ̀, tó sì bá a lọ sí ìlú Òyìnbó lọ́dún 1947 láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tíátà lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1970, nígbà tí wọ́n ń rìnrìn-àjò eré lọ sí Iléṣà, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀, Clementina sì kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ sílé lọ́dọọdún, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ẹgbẹ́ tó ń fi ọ̀nà jẹun, ọ̀nà náà ló mú ẹni tó fẹ́ràn jù lára wọn lọ. Eré tó gbé jáde lọ́dún náà, Àyànmọ́ ló pè é. Ó lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà kó tó fi orúkọ yìí kan náà pe fíìmù tó ṣe kẹ́yìn fúnra rẹ̀.

SINIMÁ DÉ

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí rò pé fíìmù ló sọ Ògúndé di èèyàn. Rárá o. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣeré orí ìtàgé kó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ó ti gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àfihàn àgbáyé ní Montreal ní Kánádà lọ́dún 1967, wọ́n sì ti ṣeré ní Llangollen ní Wales lọ́dún 1969. Lọ́dún 1976, Ola Balogun gbé Àjàní Ògún jáde, tí Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love jẹ́ olú òṣèré rẹ̀. Èrò tó wò ó pọ̀ débi pé àwọn ọ̀gá tíátà rí i pé ayé ti ń yí. Ògúndé pe Ola Balogun, àwọn méjèèjì sì gbé Ayé jáde lọ́dún 1979. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Ògúndé lọ́dún yẹn. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin ń Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí Ayé nígbà yẹn kò lè gbàgbé. Ìtàn ìjà àwọn àjẹ́ àti babaláwo rere ni. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń gba àwọn èèyàn sílẹ̀. Ìran náà le débi pé àwọn mìíràn kò lè dá sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá wò ó. Àwọn gbọ̀ngàn kún, èrò dúró síta, àwọn tí kò ráyè wọlé ń yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórin àti oníjó wá di ẹni tí ojú rẹ̀ kún ara ògiri, tó tóbi ju èèyàn lọ.

Níbẹ̀ ni òkìkí ti gba ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà pé eré ni mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ àṣírí àjẹ́ tó báyìí, ó ní láti jẹ́ pé awo gidi ni. Ọmọ oníwàásù Onítẹ̀bọmi, tó kọ́kọ́ fi ọgbà Édẹ́nì gba ìyìn nínú ìjọ Aládùúrà, di ẹni tí àwọn kan ń bẹ̀rù láti bọ̀ lọ́wọ́, tí àwọn mìíràn sì rò pé ó ní oògùn gbogbo àrùn. Bí èèyàn bá ti di gbajúmọ̀ nínú fíìmù, kì í ní ojú tirẹ̀ mọ́. Ojú tí wọ́n fi rí i nínú eré ni wọ́n máa fi wò ó lọ́jà. Ẹ bi àwọn obìnrin tó ń ṣe ìyá ọkọ burúkú nínú fíìmù lóde òní, wọ́n á sọ fún yín.

Ti owó sì tún wà níbẹ̀. Fíìmù ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí a ń fi fóònù yà. Rọ́ọ̀lù olówó gọbọi ni, ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó Òyìnbó ni wọ́n sì ń san. Bó bá jáde tán, kò sí ilé sinimá tó pọ̀ tó láti gbà á. Olówó fíìmù ló máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, á máa gbé e láti ìlú dé ìlú, á gba gbọ̀ngàn, á dúró ti ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má baà jí owó ìwọlé, á sì dúró ti rọ́ọ̀lù kí wọ́n má baà dà á kọ. Lẹ́yìn 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já, owó tó ń wọlé ní náírà kò lè san gbèsè tó wà ní pọ́n-ùn mọ́. Ọdún mẹ́fà ló wà láàárín Àròpin ń Tènìyàn àti Àyànmọ́.

Ìyẹn náà sì dára fún un ju ti ẹlòmíràn lọ. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá tí gbogbo wa fẹ́ràn, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Àwọn olè dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á káàkiri kí ó tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Gbèsè ńlá bọ́ sí i lọ́rùn, kò sì padà bọ̀ sípò tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní 2018. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín sí eré rẹ̀ nínú pálọ̀ wọn. Òun nìkan ni kò rí ẹ̀rín rín.

ÌRÌN-ÀJÒ ÌKẸYÌN

Lọ́dún 1986, ìjọba àpapọ̀ pe Ògúndé, wọ́n ní kó dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìjọ gbogbo ẹ̀yà, oníjó láti Ìlà-Oòrùn, onílù láti Àríwá, olórin láti ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: orílẹ̀-èdè tó fi í sẹ́wọ̀n ìtanràn nígbà èwe rẹ̀ ló padà wá fi orúkọ ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́ nígbà tó darúgbó. Òfin tó fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ náà múlẹ̀ kò jáde títí di 1991, ó sì ti kú.

Kó tó kú, iṣẹ́ fíìmù kan tún pè é wá sókè Ọya. Àwọn Òyìnbó ń ya Mister Johnson, tí Bruce Beresford darí, tí Maynard Eziashi àti Pierce Brosnan ṣeré nínú rẹ̀. Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi, kò jìnnà sí Jos, ni wọ́n ti yà á. Ògúndé ṣe Brimah, bàbá ọmọbìnrin tí Johnson fẹ́. Ìlú Jos tó ti bu owó ìtanràn lé e ní 1946, ẹ̀bá rẹ̀ ni ó padà wá ní ọdún bí i mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí gbogbo àgbáyé fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n agbára kò sí mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù April, 1990, ó dákẹ́ ní ilé ìwòsàn Cromwell ní London. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Àwọn tó wo Mister Johnson nígbà tó jáde, ẹni tó ti lọ ni wọ́n ń wò. Ọ̀sọ̀sà tí wọ́n ti bí i ni wọ́n gbé e padà sí.

ÈWO NI KÍ A ṢE?

Ní báyìí, mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ẹjọ́ wá sí ìpàdé. Èrò mi kò ju mẹ́ta lọ.

Àkọ́kọ́, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ṣe òṣèré, ẹ má lù ú, ẹ má sì gbé e gun ẹṣin kí ó tó mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ bi í pé kí ló mọ̀. Ògúndé mọ dùùrù, ó mọ ìlù, ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló kọ́ ọ ní bí èèyàn ṣe ń darí èèyàn àti bí èèyàn ṣe ń ka owó. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Mechanic Village, tó tún ń ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀, kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn tí yóò ṣe é yọrí, iṣẹ́ ọwọ́ kò ní í dí wọn lọ́wọ́. Àwọn tí kò bá ṣe é yọrí, ebi kò ní í pa wọ́n.

Èkejì, ẹ kọ́ àwọn ọmọ lédè Yorùbá. Mo rí àwọn tó fẹ́ ṣe fíìmù Yorùbá ní Apo tí wọn kò lè kí àgbàlagbà dáadáa. Èdè ni Ògúndé fi gun gbogbo òkè tó gùn. Ọmọ tí kò gbọ́ òwe, kí ni yóò fi ṣe ọba, kí ni yóò fi ṣe babaláwo? Ìyá rẹ̀ nílé ló lè fún un, kì í ṣe kámẹ́rà.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. A ń yin àwọn òṣèré wa, a sì ń ra àdàkọ iṣẹ́ wọn ní ẹ̀gbẹ́ títì, tàbí kí a máa gbé e fún ara wa lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ṣe fún Baba Sàlá nìyẹn. Àwọn bàbá wa ní Jos àti Kano, nígbà tí nǹkan kò tíì dẹ̀rọ̀, wọ́n san owó ìwọlé, wọ́n sì gba òṣèré sílé. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ tiwa fi iṣẹ́ yìí jẹun lọ́la, ẹ jẹ́ ká máa san owó iṣẹ́ ọmọ ẹlòmíràn lónìí.

Òkìkí dára, mo gbà. Ọlọ́run ló ń fúnni. Ṣùgbọ́n ó ní owó tí a ń san lórí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń san nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń san nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ń san títí dé ibùsùn àìsàn. Ẹni tó bá mọ iye rẹ̀ kó tó rà á, òun ni yóò lè gbé e. Kí Ọlọ́run forí ji Hubert Ògúndé, kí ó sì dá àwọn ọmọ wa sí lójú ọ̀nà tí wọ́n bá yàn.